“Gbogbo ayé ló ń wo kóòdù rẹ̀”: irọ́ tó ń jẹ́ kí ayédèrú ìwé ẹ̀rí wọlé

Bí ẹ bá bi àwọn tó ń so kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì pọ̀ ní Àkúrẹ́, láti Alágbàká dé àyíká FUTA, pé kí ló dé tí wọ́n fi fọkàn tán OpenVPN tàbí stunnel, àwọn ètò tó ń ti ọ̀rọ̀ pa bó ṣe ń kọjá láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì, èsì tí ẹ máa gbọ́ kò ju èyí lọ: open source ni, gbogbo ayé ló ń wo kóòdù rẹ̀, kò lè ní ihò. Open source ni lóòótọ́. Èyí tó kù yẹn ni kì í ṣe òótọ́, pàápàá níbi tí sọ́fítíwíà ti ń yẹ ìwé ẹ̀rí sáfà wò, ìyẹn fáìlì tí sáfà (kọ̀ǹpútà tí àwọn tó kù ń pè) fi ń fi ẹni tó jẹ́ hàn. Ewúrẹ́ tí olówó rẹ̀ pọ̀, ebi ní í pa á.

Ká ní ẹnìkan mú lẹ́tà wá sí ìsọ̀ yín ní Ọjà Ọba, pé ọ̀gá yín ní Oǹdó ní kí ẹ kó ogún àpò sìmẹ́ńtì fún òun. Ṣé ẹni tí ẹ mọ̀ ló fọwọ́ sí i? Ṣé ó ní àṣẹ láti fọwọ́ sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀? Ṣé orúkọ ẹni tó dúró níwájú yín ló wà nínú rẹ̀? Ṣé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá? Ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí náà ni sọ́fítíwíà gbọ́dọ̀ bi ìwé ẹ̀rí. Bó bá fo ọ̀kan, ọ̀rọ̀ yín á ṣì wà ní títì pa, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lójú ọ̀nà, àmọ́ olè gan-an lẹ ń bá sọ ọ́.

Ẹ wo GnuTLS, kóòdù tí àwọn sọ́fítíwíà mìíràn ń lò láti ti ọ̀rọ̀ pa àti láti yẹ ìwé ẹ̀rí wò. Apá kan wà nínú kóòdù rẹ̀ tó yẹ kó dáhùn 1 bí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé bá ní àṣẹ, kó dáhùn 0 bí kò bá ní. Ṣùgbọ́n bí ìwé náà bá dàrú débi tí kò ṣeé kà, nọ́ńbà tó kéré sí òdo ló ń dá padà. Apá tó bi í léèrè kò mọ̀ ju pé 0 ni “rárá”. Ohunkóhun tí kì í bá ti ṣe 0, “bẹ́ẹ̀ ni” ni. Ìwé tí kò ṣeé kà wá di ìwé tó dáa jù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àṣìṣe yìí fi wà ní gbangba kí wọ́n tó kéde rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2014, pẹ̀lú CVE-2014-0092, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àṣìṣe sọ́fítíwíà mọ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n dìídì ṣe fún ilé iṣẹ́ sọ́fítíwíà Red Hat ló hú u jáde, kì í ṣe ojú gbogbo ayé. Ẹ̀dà 3.1.22 àti 3.2.12 ló tún un ṣe.

Ti OpenSSL, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, tilẹ̀ pani lẹ́rìn-ín. Láti 1.1.1h dé 1.1.1j, ẹni tó bá tan X509_V_FLAG_X509_STRICT, ìyẹn ẹni tó ní kí àyẹ̀wò le sí i, lè rí i pé ó rọ̀ sí i: èsì àyẹ̀wò kejì ń pa èsì àkọ́kọ́ rẹ́, tí ẹni tí kò láṣẹ fi ń di aláṣẹ. 1.1.1k ló wò ó sàn ní oṣù kẹta ọdún 2021.

Ìgbà mìíràn, kóòdù ò ṣẹ̀, ẹni tó ń lò ó ló ṣì í lò. Àwọn tó ń fi èdè PHP kọ ètò fi TRUE sí CURLOPT_SSL_VERIFYHOST, ibi tí wọ́n ti ń sọ fún curl, ètò tó ń bá sáfà sọ̀rọ̀, bó ṣe máa yẹ orúkọ wò. TRUE jẹ́ 1, nígbà yẹn 1 sì túmọ̀ sí “ṣáà wò ó bóyá orúkọ kan wà níbẹ̀”. 2 ló túmọ̀ sí “orúkọ náà gbọ́dọ̀ bá ti sáfà mu”. Ní ọdún 2012 ni curl 7.28.1 kọ̀ láti gba 1 mọ́.

OpenVPN ló kan àwọn ọ́fíìsì wa jù. Ẹni kan náà ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí sáfà àti ti gbogbo òṣìṣẹ́. Bí fáìlì .ovpn, èyí tí ẹ̀rọ òṣìṣẹ́ fi ń pe sáfà, kò bá ní ìlà yìí:

remote-cert-tls server

òṣìṣẹ́ tínú ń bí lè fi ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ ṣe ayédèrú sáfà lórí wáífáì, ẹ̀rọ àwọn tó kù á sì gbà á. Ẹ fi verify-x509-name àti orúkọ sáfà yín kún un. Bí ó bá kọ̀, tí ẹ rí VERIFY EKU ERROR nínú log (àkọsílẹ̀ ohun tí ètò náà ṣe), ìwé ẹ̀rí sáfà ni wọn kò fi easyrsa build-server-full, àṣẹ tó ń ṣe ìwé ẹ̀rí fún sáfà, ṣe. Ẹ tún òmíràn ṣe. Ẹ má yọ ìlà náà. Ní ti stunnel, láìsí verifyChain = yes, checkHost àti CAfile, ìlẹ̀kùn ló ń tì, kò bi ẹnikẹ́ni ní orúkọ.

Láti dán ètò yín wò, ẹ ní kó pe wrong.host.badssl.com, expired.badssl.com àti self-signed.badssl.com, àwọn sáìtì ìdánwò tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún ní ìwé ẹ̀rí tí kò dáa. Ó gbọ́dọ̀ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má sì jẹ́ kí openssl s_client, àṣẹ OpenSSL tí wọ́n fi ń dán sáfà wò, tàn yín: bí ẹ kò bá fi -verify_hostname sí i, “Verify return code: 0 (ok)” kò sọ nǹkankan nípa orúkọ, láìsí -verify_return_error ó sì máa ń tẹ̀ síwájú lẹ́yìn àṣìṣe.

-k ni ẹ fi ń sọ fún curl pé kó má yẹ ìwé ẹ̀rí wò. Ibi tó ti sábà ń wọlé rèé: NEPA mú iná lọ, bátìrì CR2032 inú kọ̀ǹpútà ti kú, aago padà sí ọdún àtijọ́, gbogbo ìwé ẹ̀rí wá di èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Ẹnìkan fi -k sínú script kí iṣẹ́ lè lọ, kò sì yọ ọ́ mọ́. Ẹ pààrọ̀ bátìrì náà, ẹ tan chrony, ètò tó ń tún aago kọ̀ǹpútà ṣe láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá fi èyí wá àwọn tó fara pamọ́:

grep -rnE 'verify=False|curl.* -k|--insecure|--no-check-certificate' .