Ẹni Tó Ń Wọn Ẹ̀sìn, Kó Wọ Inú Ilé

Ìbéèrè márùn-ún péré ló wà nínú èyí tó kúrú jù nínú òṣùwọ̀n ẹ̀sìn tí Stefan Huber, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Bern, ṣe. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń ronú nípa ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn? Ṣé ẹ gbà pé Ọlọ́run wà? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń lọ síbi ìsìn? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń gbàdúrà? Ṣé ẹ máa ń rí ọwọ́ Ọlọ́run nínú ayé yín? Àjọ Bertelsmann ti Jámánì gbé òṣùwọ̀n yìí dé orílẹ̀-èdè 21, Nàìjíríà sì wà lára wọn.

A gbóríyìn fún iṣẹ́ náà. Kì í ṣe orúkọ ẹ̀sìn ló ń wá bí kò ṣe bí ẹ̀sìn ti wọ ènìyàn lára tó. Àmọ́ ìbéèrè kẹta ń kọ wá lóminú. Ìyá àgbà tó ń kírun márààrún nínú yàrá rẹ̀, tí Jímọ̀ kò sì pọn dandan fún, kí ni yóò dáhùn? Babaláwo ńkọ́? Ọrún-ọrún ló ń ṣe ọ̀sẹ̀ Ifá: omi tútù, obì, ìyẹ̀rẹ̀, tọmọ taya ló pé síbẹ̀, nínú ilé ara rẹ̀. Bí akọ̀wé bá kọ ọ́ pé "kì í lọ síbi ìsìn", irọ́ ni ìwé náà pa mọ́ ọn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára, nítorí ìkànìyàn 1991 àti ti 2006 kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀sìn rẹ̀. Irú ìwádìí báyìí la ó máa gbára lé, bó bá ṣì wá wọ́n, ó ṣì wá wọ́n nìyẹn.

Wọn kò sì lè ní kò ṣeé tún ṣe. Huber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ìbéèrè nípa àṣàrò kún un, kó lè bá àwọn ẹlẹ́sìn Búdà àti Híńdù mu. Ẹbọ àti ọ̀sẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó gbé fọ́ọ̀mù lọ sí Ifẹ̀ tàbí Òṣogbo, kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ti babaláwo, ààfáà àti pásítọ̀ ibẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó tún ń bọ òrìṣà ìdílé rẹ̀, fi àmì sí méjèèjì láìfi ọ̀kan pa mọ́.