Ẹ̀kọ́ bí èèyàn ṣe ń bá èèyàn gbé kì í ṣe kọ́ọ̀sì ọ̀lẹ o

Ó ti pẹ́ tọ́rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Tó o bá ti lè sọ fẹ́bí pé sáíkọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìwà èèyàn, lò ń kà ní yunifásítì, wọ́n á ní ṣé wèrè lo fẹ́ máa wò, àbí ṣé o lè mọ nǹkan táwọn ń rò báyìí. Tó o bá tún wá ní apá ti social gan-an lo fẹ́ràn, ìyẹn bí èèyàn ṣe ń yan ọ̀rẹ́, bí èrò ṣe ń yí ẹnì kan lọ́kàn padà, ohun tó ń tú tọkọtaya ká, wọ́n á ní ṣé ìyẹn náà lẹ̀ ń sanwó ilé ìwé lé lórí, ṣebí àwọn bàbá wa ti fòwe sọ gbogbo ẹ̀ tán.

Mi ò kóyán òwe kéré rárá o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Tí àgbà bá wá pọ̀ lọ́jà ńkọ́? Tí gbogbo wọn ń wo orí ọmọ, tí kálukú tún ń wojú ẹnìkejì ẹ̀, ta ló máa kọ́kọ́ na ọwọ́? Ibẹ̀ yẹn gan-an ni kọ́ọ̀sì yìí ti mú mi.

Lọ́dún 1964 wọ́n pa ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Kitty Genovese ní Queens, New York, l'Amẹ́ríkà. Ìwé ìròyìn gbé e pé èèyàn 38 ló ń wò tẹ́nikẹ́ni ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n padà rí i pé ìwé ìròyìn yẹn bù mọ́ ọn, àwọn tó ń wò ò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn yẹn ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì méjì, John Darley àti Bibb Latané, dán nǹkan wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1968. Wọ́n fi ọmọ yunifásítì sí yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọn ò ríra wọn, àfi bí wọ́n ṣe gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni tí wárápá gbé (ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni o). Lára àwọn tó rò pé àwọn nìkan ló ń gbọ́ ọ, 85 nínú 100 ló sáré jáde lọ wá ìrànlọ́wọ́ kí ohùn yẹn tó dákẹ́. Lára àwọn tó rò pé àwọn mẹ́rin míì tún ń gbọ́, 31 péré ni. Ohun tó sì wọ̀ mí lára jù ni pé àwọn tí ò jáde yẹn kì í ṣe ọ̀dájú, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń làágùn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni pé ṣé ara ẹ̀ ti yá.

Mo ti fojú ara mi rí i ní Ìwó Road n'Ìbàdàn. Obìnrin kan ṣubú lulẹ̀ nínú oòrùn, èrò rọ̀gbà yí i ká, "Yéè! Ẹ bu omi o!", gbogbo wọn ló ń sọ ọ́, kò sẹ́ni tó bu omi, fóònù ti ń jáde. Màmá kan tó ń ta bọ̀ọ̀lì ló já wọ àárín, ó nàka: "Ìwọ tó wọ búlúù yìí, sáré ra píọ wọ́tà wá. Bọ̀dá oní-Micra, ẹ gbé mọ́tò yín súnmọ́ bí. Àǹtí, ẹ bá mi tú gèlè ẹ̀." Kíá làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbéra! Àwọn kan náà tí wọ́n dúró bí igi láti ọjọ́ yìí wá o. Màmá yẹn mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n tá a bá mọ ìdí tó fi ṣiṣẹ́, a lè fi kọ́ kọ̀ndọ́kítọ̀, a lè fi kọ́ ọmọ pírámárì, pé má ké sí èrò, ẹnì kan ni kó o tọ́ka sí, kó o sọ ohun tó máa ṣe.

Ti ọ̀rẹ́ náà tún wà níbẹ̀, bí ilé ṣe súnmọ́ra ló ń sọni dọ̀rẹ́. Leon Festinger, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ wádìí ní Westgate, ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbéyàwó ní MIT (yunifásítì kan ní Massachusetts, l'Amẹ́ríkà), ìwé ẹ̀ jáde lọ́dún 1950. Àwọn tí ilẹ̀kùn wọn kan ara wọn, 41 nínú 100 ló bára wọn ṣọ̀rẹ́, àwọn tí ilé kan là láàárín, 22, àwọn tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, 10. Ìdí nìyẹn tínú mi kì í fi í dùn sáwọn òbí tó ń lọ bẹ ọ̀gá họ́sítẹ̀lì pé kó fi ọmọ àwọn sọ́dọ̀ ọmọ ìlú àwọn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ Ọ̀yọ́ àti ọmọ Kánò jọ sùn lórí bọ́ǹkì kan.

Ohun tó ń dùn mí ni pé New York lọ̀pọ̀ ẹ̀rí yìí ti wá, Massachusetts ni. Tó bá wá di final year tiwa, kókó pròjẹ́ẹ̀tì a di ká tẹ ìwé ìbéèrè, ká pín in fáwọn tá a jọ wà ní kíláàsì, "jọ̀ọ́ bá mi fill ẹ̀ kíákíá", wọ́n á kàn máa fi máàkì sí i láì kà á, ó parí. Bódìjà ò jìnnà sí UI, yunifásítì Ìbàdàn! Ọjà wà níbẹ̀, gáréèjì wà níbẹ̀, èrò wà níbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀yin lẹ́kítọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dá àwọn ìwé ìbéèrè yẹn padà. Ìwọ tó o wà ní 300 level tó ò ń wá topic, mú bíírò, lọ jókòó sí ibùsọ̀ ọkọ̀ kan, kó o máa wò ó tẹ́rù bá já bọ́ lórí ẹnì kan, èèyàn mélòó ló wà nítòsí, ta ló bá a gbé e, báwo ló ṣe pẹ́ tó. Tó o bá nílò ẹni tó máa bá ẹ kà á, kọ sí mi, màá wá.