Kọ̀ǹpútà Olówó Pọ́ọ́kú, Ìnáwó Rẹpẹtẹ

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ọ̀rẹ́ mi kan fi to kọ̀ǹpútà géèmù olówó pọ́ọ́kú lórí ìwé kó tó ra ẹyọ sukúrù kan. Ẹ má pè é lọ́lẹ o. Kò sí alẹ́ tí kì í ṣiṣẹ́. Àtòjọ kìíní wà, àtòjọ kìíní tí a tún ṣe wà, àtòjọ ìkẹyìn tẹ̀ lé e, àtòjọ ìkẹyìn pátápátá tún dé, kí àtòjọ ìkẹyìn tòótọ́ tó wá yọjú. Bó bá jẹ́ àtòjọ ni wọ́n fi ń gbá géèmù, ife ẹ̀yẹ ì bá ti kún yàrá rẹ̀.

Irú rẹ̀ ti pọ̀ lóde báyìí. Alátòjọ ni mo ń pè wọ́n. Bí ẹ bá kí Alátòjọ pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, á ní, "Kí lẹ rí sí Ryzen 5 5600?" Bí ẹ bá dákẹ́, á gbà pé ẹ ń rò ó ni.

Ọ̀rọ̀ "olówó pọ́ọ́kú" yìí gan-an ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ká ní 100 ni gbogbo owó tó wà lápò rẹ̀. Ó fojú sun Ryzen 5 5600 yẹn, CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ọdún 2022 tó ní kọ́ọ̀ mẹ́fà, tó sì ń gbé ọ̀pọ̀ géèmù láìkérora. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àfi bí ẹnìkan ṣe sọ fún un pé AM4, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí CPU náà ń jókòó lé, ti kú. Ẹ wo òkú: ó dé ní 2016, ní 2022 wọ́n ṣì ń ṣe CPU tuntun fún un. Òkú tó ń bá wọn gbe orin níbi ìsìnkú ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Alátòjọ ò lè bá òkú gbélé. Ó gba ọ̀dọ̀ AM5 lọ, sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun tó ní CPU tirẹ̀, ó ní díẹ̀ lòun fi kún un. RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) náà tún yí padà: AM5 ní òun ò mọ DDR4 àtijọ́ rí, DDR5 ni kí wọ́n mú wá. Díẹ̀ sí i. Bọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́) tó kọ́kọ́ rí kò ní ihò tó máa gba SSD mẹ́ta, ibi tí à ń kó fáìlì pamọ́ sí. SSD mélòó ló ní nílé? Kò ní ìkankan. Díẹ̀ sí i náà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kó tó ṣẹ́jú, ẹlẹ́dẹ̀ ti wọlé tìrù-tìrù, 100 ti di 130, a ò sì tíì débi GPU, ẹ̀yà tó ń ya àwòrán géèmù.

Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé, á ní ọjọ́ iwájú lòun ń rò. Gbogbo ohun tí kò wúlò fún un lónìí, ọjọ́ iwájú ló ń rà á fún. Mo sì ti fara balẹ̀ kíyè sí ọjọ́ iwájú yìí: kò dá kọ́bọ̀ sí i rí.

Ó wá kan GPU, níbi tí ẹ̀sìn ti bẹ̀rẹ̀. NVIDIA, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe GPU, gbé RTX 3060 jáde ní 2021 pẹ̀lú ìrántí 12GB. Ní 2023, RTX 4060 dé pẹ̀lú 8GB. Ọdún ń lọ síwájú, GB ń rìn padà sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni ìjọ ti pín sí méjì: Ìjọ Mẹ́jọ-Tó-Wa, tí wọ́n ní fún ẹni tó ń lo mọ́nítọ̀ 1080p kò sí wàhálà, àti Ìjọ Méjìlá-Tàbí-Ikú, tí wọ́n máa ń wo ẹni tó ra 8GB bí ẹni tí dókítà ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún. Ọ̀rẹ́ mi ṣe ìjọ méjèèjì, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sì wàásù fún mi pé GPU ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú géèmù, òun ló yẹ kí owó pọ̀ sí jù. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìgbà tí bọ́ọ̀dù àti ọjọ́ iwájú gba tiwọn tán, èyí tó ṣẹ́ kù la fi ra GPU: RTX 4060.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iná ná, torí iná ni gbogbo eré yìí.

Àpótí tó rà, gíláàsì níwájú, gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fáànù mẹ́ta wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú yẹn, wọ́n ń yí, wọ́n ń wá afẹ́fẹ́ tí wọn ó fà, bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu tí wọ́n wá ní kó súfèé. Gbogbo wọn ló ń tàn. RAM ń tàn. Ẹ̀rọ tó ń mú CPU tutù ń tàn, ó tún ní ojú kékeré kan tó ń fi bí ooru ṣe ń lọ sókè hàn wá. Ilé iṣẹ́ tó ṣe fáànù kọ́ ló ṣe RAM, kálukú ló sì ní ètò tirẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ fi sórí Windows kí iná má bàa ya àwọ̀ ọ̀tọ̀. Ètò mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru kí àwọ̀ àlùkò lè dọ́gba. Wọ́n ń jẹ RAM kí RAM lè tàn. Fáàrí àṣejù, oko olówó níí múni lọ. 130 ti di 160.

(Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti ra wáyà funfun rí, nítorí pé ó funfun. Ẹ̀gbẹ́ gíláàsì tèmi, ògiri ló kọjú sí.)

Owó tán, ó wá ku páwà, ẹ̀rọ tó ń pín iná mànàmáná fún gbogbo ẹ̀yà. Páwà kì í tàn, ìsàlẹ̀ àpótí níbi tójú ò tó ló ń gbé. Ibẹ̀ gan-an ni Alátòjọ ti rántí pé òun ò lówó. Ó ra èyí tí wọ́n kọ 850W gàdàgbà sí lára, tó fúyẹ́ bíi páálí òfìfo. RTX 4060 kì í ju nǹkan bíi wáàtì 115 lọ, CPU rẹ̀ sì jẹ́ 65 lórí ìwé. 450 tó jẹ́ ojúlówó ì bá gbé e, ì bá tún sùn. Ó ní ẹ fọkàn balẹ̀, àmì 80 Plus wà lára rẹ̀. Ìwọ̀n iná tó ń ṣòfò ni àmì yẹn ń sọ. Kò ṣèlérí pé nǹkan náà ò ní rú èéfín.

Lọ́jọ́ tó máa tò ó pọ̀, èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó tan kọ̀ǹpútà, yàrá di òṣùmàrè. Ó ṣí géèmù: FPS 9, àwòrán mẹ́sàn-án péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bottleneck ni. CPU yìí ló fún GPU lọ́rùn. Ṣebí mo sọ fún ẹ pé ká fi díẹ̀ kún un!"

Ó ti ń wá Ryzen 7 lórí fóònù kí n tó yọjú wo ẹ̀yìn àpótí. Ara bọ́ọ̀dù ló ki wáyà mọ́nítọ̀ bọ̀. GPU tó tìtorí ẹ̀ ṣẹ̀sìn oṣù mẹ́jọ jókòó sínú gíláàsì bí àlejò tẹ́nì kan ò kí. Agbára àwòrán bíńtín tó wà nínú CPU, èyí tí wọ́n ṣe kí èèyàn lè rí ojú Windows, òun ló ń dá gbé ogun náà.

A tún wáyà kì. RAM tó rà ní 6000 ń sáré 4800, torí kò tíì tan EXPO, ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé iye tí wọ́n kọ sí i lára, nínú BIOS, ètò ìpìlẹ̀ bọ́ọ̀dù. Eré tó sanwó fún ń dúró dè é níbẹ̀. Ó ní ó di ọ̀la, iná fáànù kẹta kò tíì bá ti yòókù mu.

Mo yà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Géèmù tó ti ń gbá lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ àtijọ́ náà ló ń gbá. Mọ́nítọ̀ àtijọ́ náà ló sì wà níwájú rẹ̀, ti 60Hz, èyí tí kò lè fi ju àwòrán 60 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní igun ojú mọ́nítọ̀, FPS wà ní 143. 83 nínú wọn ń kú láìfojú kan èèyàn. Igun yẹn ló tẹjú mọ́. Ìbọn ń ró, àwọn kan ń sá, àwọn kan ń ṣubú.

Mo ní, "Ta ló ń borí?"

Kò wojú mi. Ó ní, "143."