Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan láìpẹ́ yìí, nínú ilé mi ní London, a jókòó ti ọ̀kan nínú àwọn fíìmù àtijọ́ aláwọ̀ dúdú-àti-funfun tí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé jáde lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ìyá arúgbó kan ni ìtàn náà dá lé lórí. Ó wọ ẹ̀wù òtútù gbàgẹ̀rẹ̀, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí ó ti ń tọ ipasẹ̀ ẹni tó pa ènìyàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni ọdún 22, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àgbọ̀n náà rẹ́rìn-ín. N kò bá a wí, nítorí ó ń pa èmi náà lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò mi obìnrin sọ fún wa pé òun ti forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ tíátà, ọmọ yìí kan náà wò ó lójú, ó ní, “Àǹtí, ẹ ti dàgbà jù. Àwọn tó ń ṣe é ti bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 16.” Ọmọ ọdún 34 ni àbúrò mi. Ohun tó wá dùn mí wọra ni pé àwọn àgbà tó wà níjòókòó mi orí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé yìí, ọ̀kan nínú wọn sì fi kún un pé ọkọ ló yẹ kí ó máa wá. Àbúrò mi dákẹ́, ó kó abọ́, ó lọ sí ilé ìdáná.

Àwọn baba wa ní pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Gbogbo wa la ti rí akólòlò tí ètè rẹ̀ ń lu ara wọn, tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ń là á lóòógùn, tí ó sì wá pè é jáde níkẹyìn. Ohun tí a kì í sábà fiyè sí ni pé òwe náà kò dúró lórí akólòlò nìkan. Ó ń bá ẹni tó jókòó tì í wí pẹ̀lú, ẹni tí kò ní sùúrù, tó fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ tàbí tó ti ń wí fún àwọn ará ilé pé eléyìí kò lè sọ̀rọ̀. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló kún yàrá ìgbàlejò mi lọ́jọ́ náà. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé òṣèré tí wọ́n ń wò, Margaret Rutherford, ti pé ọmọ ọdún 33 kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan orí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí òṣèré.

Balham, ní gúúsù London, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1892, inú ilé tí ìbànújẹ́ ti wọ̀ ṣáájú rẹ̀ ló sì bọ́ sí. Ní 1883, bàbá rẹ̀, tí àrùn ọpọlọ ń dà láàmú, ti fi póò lu bàbá tirẹ̀ pa, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Julius Benn. Wọ́n fi í sí Broadmoor, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ti irú àwọn bẹ́ẹ̀ mọ́lé. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó pa orúkọ Benn tì, ó sì mú Rutherford. Òun àti ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ wọn lọ sí ilẹ̀ Íńdíà, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, wọ́n sì dá ọmọ ọdún mẹ́ta náà padà sí Wimbledon, sọ́dọ̀ Bessie Nicholson, ọmọ ìyá ìyá rẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ti kú. Nígbà tó fi máa tó ọmọ ọdún 12 ló gbọ́ pé ó wà láàyè àti pé Broadmoor ló tún padà sí. Ẹ̀rù pé àrùn náà lè wà nínú òun náà kò fi í sílẹ̀ títí ayé rẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì dá a dùbúlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ó fẹ́ràn eré ṣíṣe láti kékeré, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í san owó oúnjẹ. Ó kọ́ dùùrù títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí Royal Academy of Music, ó wá di olùkọ́, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní dùùrù, ó sì ń kọ́ wọn bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ tí yóò já geere. Ẹni tó ń la ẹlòmíràn lóhùn ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ há sí lọ́fun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí àǹtí Bessie kú, tí ogún díẹ̀ tó fi sílẹ̀ kàn án, ló tó ráyè wọ Old Vic, ilé tíátà kan ní London, gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ní 1925. Sáà kan péré ni wọ́n lò ó, wọn kò gbà á padà, ó sì tún lọ jókòó sídìí dùùrù rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ìbá ti sọ pé Ọlọ́run ti fi àmì hàn wá. Òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó tún jáde, ó ṣe iṣẹ́ ní Hammersmith, ó ṣe é ní Oxford, nínú àwọn ilé tíátà tí wọ́n ti ń kọ́ eré tuntun sórí kí ti àná tó kúrò lẹ́nu. Ọdún 1933 ló kọ́kọ́ dé West End, ibi tí àwọn gbọ̀ngàn tíátà ńlá London wà. Ọmọ ọdún 41 ni. Ọdún mẹ́fà tún kọjá kí àwọn olùṣelámèyítọ́ tó rí i dáadáa, nígbà tó ṣe Miss Prism nínú eré Oscar Wilde ní 1939. Ní 1941 ni Noël Coward gbé eré kan jáde tó wá fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ìgbà 2,000 lórí ìtàgé London, Rutherford ló sì ṣe Madame Arcati nínú rẹ̀, obìnrin tó ń bá òkú sọ̀rọ̀, tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere wá sílé àwọn tó pè é. Nígbà tó tún ṣe é nínú fíìmù ní 1945, kò sí ẹni tó tún ń béèrè orúkọ rẹ̀ mọ́.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé òwe yìí gan-an ló yẹ kí n fi dá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lóhùn lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún 16 lè ní ojú tó dára, ohùn tó ń dún, ẹsẹ̀ tó ń jó, aṣọ nìyẹn. Níbo ni yóò ti rí àkísà? Arúgbó tó ń tú àdììtú ìpànìyàn, tí a ń wò lọ́jọ́ Àìkú náà, Miss Marple ni, ẹ̀dá ìtàn tí Agatha Christie dá. Ẹni ọdún 69 ni Rutherford nígbà tí ìkíní nínú fíìmù mẹ́rin tó fi ṣe é jáde ní 1961, aṣọ tirẹ̀, tó ti ń wọ̀ kiri ilé, ló sì ní òun yóò wọ̀ níwájú ẹ̀rọ. Ẹ̀wù òtútù gbàgẹ̀rẹ̀ tí ọmọ wa ń fi rẹ́rìn-ín, inú àpótí ìyá àgbà náà ló ti jáde. Christie fúnra rẹ̀ kò gbà pé òṣèré yìí jọ ẹni tí òun kọ sínú ìwé, síbẹ̀ ó fi ìwé Marple tó kọ ní 1962 yẹ́ ẹ sí. Òǹkọ̀wé Kenneth Tynan sọ pé àgbọ̀n nìkan tó o láti fi ṣe eré. Rutherford ní tirẹ̀ sọ pé òun kò fìgbà kankan gbèrò láti pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, àti pé ó máa ń ya òun lẹ́nu pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo gbà á gbọ́. Ẹni tó ti gbé irú ilé yẹn, tó ti fi ọdún gbọọrọ jókòó ti ọmọ tó ń ṣi dùùrù tẹ̀, kò ní láti fi ara ṣe yẹ̀yẹ́. Yóò kàn dúró, yóò fi gbogbo ọkàn ṣe arúgbó tó gba ara rẹ̀ gbọ́, ẹ̀rín yóò sì wá.

Ẹ jẹ́ kí n wá kọjú sí àgbà tó ní ọkọ ló yẹ kí àbúrò mi máa wá. Ní 1930 ni Rutherford pàdé Stringer Davis, òṣèré bíi tirẹ̀, tó fi ọdún méje kéré sí i. Ìyá ọkùnrin náà kò fẹ́ ẹ, wọ́n sì dúró títí ìyá náà fi kú. Ní oṣù Kẹta 1945 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ìyàwó jẹ́ ọmọ ọdún 52. Nínú fíìmù Marple mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Rutherford ló ní ọkọ òun gbọ́dọ̀ bá òun ṣe é, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tẹ̀ lé e kiri nínú wọn sì ni Davis. Kò fi iṣẹ́ wá ọkọ, kò sì fi ọkọ sọ iṣẹ́ nù.

Mo sọ fún àbúrò mi ní ilé ìdáná pé kí ó má fi iṣẹ́ tó ń ṣe sílẹ̀. Sùúrù tí òwe wa ń wí kì í ṣe ìjókòó kí a máa retí. Akólòlò kò dákẹ́, ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí a rò pé kò sọ nǹkan kan. Rutherford padà sídìí dùùrù nígbà tí wọn kò gbà á, kò sì tijú. N kò sì ṣèlérí Oscar, àmì ẹ̀yẹ fíìmù, fún àbúrò mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni ọdún 71 ni Rutherford nígbà tó gba tirẹ̀ ní 1964, tí wọ́n sì fi í joyè Dame ní 1967, ọdún márùn-ún kí ó tó kú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ya àwàdà ìṣẹ́jú kan sórí fóònù, tí ẹ ń so ìró mọ́ ìrìn arúgbó, tí ẹ ń wé gèlè ìyá yín láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́, aṣọ ẹni ẹlẹ́ni lẹ wọ̀ yẹn, ẹ kò sì tíì bi í léèrè bí ó ti gbó. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ “18 sí 25” sórí ìkéde nígbà tí ẹ bá ń wá òṣèré, ta ni yóò ṣe ìyá nínú eré yín? Ẹ̀yin àgbà ni ọ̀rọ̀ yín burú jù, nítorí ẹ ti gbé ayé pẹ́ tó láti mọ̀. Ẹ mọ ẹni tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lẹ́yìn ọmọ mẹ́ta, ẹ mọ ẹni tó kọ́ ọkọ̀ wíwà ní ọmọ ọdún 50, ẹ sì jókòó, ẹ mi orí sí ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 22 tí kò tíì san owó ilé rí. Ìtìjú ni, mo sì sọ ọ́ lójú wọn kí wọ́n tó lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kíláàsì náà, ní aago méje ìrọ̀lẹ́. Mo ti pàṣẹ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé òun ni yóò máa fi ọkọ̀ gbé àǹtí rẹ̀ lọ títí sáà yìí yóò fi parí, kò sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ náà.