Ẹ Tún Àkọsílẹ̀ Gbèsè Ṣe Ná, Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kan Pásípọ́ọ̀tù Wa

CREDICORP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí owó yíyá fáwọn aráàlú, ti sọ ọ́ síta pé àwọn fẹ́ so àkọsílẹ̀ gbèsè oníkálukú mọ́ NIN rẹ̀, débi pé ẹni tó bá yáwó tí kò san án lè má rí pásípọ́ọ̀tù gbà, kó má rí láísẹ́ǹsì ọkọ̀ tún ṣe, kó má sì rí ilé gbà. Pé kí ajigbèsè san gbèsè, a ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ẹni bá jẹ gbì ní í kú gbì. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ti ń béèrè tipẹ́, tá a tún ń béèrè lónìí, ni pé: ta ló ń yẹ àkọsílẹ̀ náà wò bóyá òótọ́ ló wà níbẹ̀?

Aránṣọ kan ní Kubwa mú tirẹ̀ wá bá wa. Obìnrin náà yáwó ní báǹkì, ó fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ó san án tán, báǹkì sì fún un ní lẹ́tà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí pé kò jẹ àwọn ní kọ́bọ̀ mọ́. Ìgbà tó fẹ́ yáwó níbòmíràn ni wọ́n sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́. A bá a wo ìwé àkọsílẹ̀ gbèsè rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ, ọjọ́ ìbí àti BVN, gbogbo rẹ̀ ló tọ́. Ṣùgbọ́n lórí ìlà owó ẹ̀rọ yẹn, wọ́n ṣì kọ ọ́ pé owó kù nílẹ̀, wọ́n sì kọ «Lost» síwájú rẹ̀, èyí tí báǹkì máa ń kọ sí gbèsè tó ti ré kọjá 360 ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò san. Ilé iṣẹ́ tó ń kó àkọsílẹ̀ jọ ní kó padà sí báǹkì. Báǹkì ní àwọn ti fi àtúnṣe ránṣẹ́.

Òfin ò dákẹ́ o. Credit Reporting Act tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Yemi Osinbajo fọwọ́ sí lọ́dún 2017, nígbà tó jẹ́ adelé Ààrẹ, fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àkọsílẹ̀ wa lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ká sì ta ko ohun tí kò bá tọ́ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, fún láṣẹ láti máa kó àkọsílẹ̀ gbèsè jọ: CRC, CreditRegistry àti FirstCentral. Kí òṣìṣẹ́ ìjọba kan jáde lọ sí ọjà Wuse tàbí Nyanya, kó béèrè iye oníṣòwò tó ti gbọ́ orúkọ wọn rí. Bẹ́ẹ̀ CBN ti pàṣẹ pé kí báǹkì wo ó kéré tán méjì nínú wọn kó tó yá ẹnikẹ́ni lówó. Ẹni tó fẹ́ yá ọ lówó ti ka ìwé rẹ, ìwọ tó o ni ín ò tíì rí i. Ẹ gbà á, ẹ kà á. Pé o wo tìrẹ kì í bà á jẹ́. Ẹ wá owó tẹ́ ẹ ti san tó ṣì wà nílẹ̀, àti gbèsè tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí.

Nígbà tó jẹ́ owó àwọn báǹkì ló há, ẹ wo bí nǹkan ṣe yá! Láti ọdún 2020 ni GSI (Global Standing Instruction), ètò CBN fún gbígba gbèsè padà, ti fún wọn lágbára láti tọ BVN lọ fa gbèsè yọ nínú àkáǹtì tó o ní ní báǹkì mìíràn. Tó bá wá kan ká pa ìlà irọ́ kan rẹ́ lórúkọ aráàlú, lẹ́tà ló kù, ìpadàwá lọ́la ló kù. Kí ló dé? Ẹ̀rọ kan náà kọ́ ni? BVN kan náà kọ́ ni?

Kí CBN fún ayánilówó ní gbèdéke ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fi tún àkọsílẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí gbèsè bá tán, kí báǹkì tó bá kọjá rẹ̀ san owó ìtanràn, kí owó náà sì dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Kí gbèsè tí ẹnì kan bá ń jà lé lórí má ṣe dé iwájú Immigration rárá títí ẹjọ́ rẹ̀ yóò fi parí. Àyàfi tí èyí bá ti ń ṣiṣẹ́, kí CREDICORP fi pásípọ́ọ̀tù sílẹ̀.