Ọmọ Kọ́ Ló Ń Fọwọ́ Sí Ikú Ìyá Rẹ̀ Lókè Òkun

Lọ́jọ́ tí ẹbí wa ṣèpàdé lórí àìsàn jẹjẹrẹ àǹtí mi ní Òkè-Àró, níbí ní Àkúrẹ́, ẹ̀gbọ́n wa kan là á mọ́lẹ̀: “Ṣé ẹ ò mọ̀ pé àwọn òyìnbó ti ṣòfin ẹ̀ ni? Tí arúgbó bá ti ń náni lówó jù, ọmọ á fọwọ́ síwèé, dókítà á gún un lábẹ́rẹ́, ó parí.” Gbogbo ilé pariwo, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Kò sẹ́ni tó bi í pé òfin ìlú wo.

Mo ti gbọ́ ọ nílé onígbàjámọ̀, mo gbọ́ ọ nínú mọ́tò Ọ̀wọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní Netherlands, níbi tí òfin tó gba dókítà láyè láti fòpin sí ẹ̀mí aláìsàn tó bẹ̀ ẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2002, aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò bèèrè. Dókítà gbọ́dọ̀ rí i pé ẹnikẹ́ni ò tì í, pé ó ti rò ó dáadáa, pé ìyà náà kò ṣeé fara dà, kò sì sí ìrètí pé yóò dẹ̀. Dókítà kejì, tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, á tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Oregon, ní Amẹ́ríkà, tí tiwọn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1997, dókítà kì í tilẹ̀ gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Oògùn tó ń pani ló ń kọ fún ẹni tí wọ́n rí i pé kò lè lò ju oṣù 6 lọ láyé, aláìsàn náà ni yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ lò ó. Ibi tí wọ́n ti ní kí ọmọ wá fọwọ́ sí ti ìyá rẹ̀, kò sí níbẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Abala 326 nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ní ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti pa ara rẹ̀. Abala 299 ní bí olóògbé tilẹ̀ ti gbà kí wọ́n pa òun, ìyẹn ò gba ẹni tó pa á sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ní òun ò gba ìtọ́jú mọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Lọ́dún 2001, nínú ẹjọ́ dókítà kan tí aláìsàn rẹ̀ kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀ nítorí ẹ̀sìn, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà sọ pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú.

Ibi tí irọ́ yìí ti ṣọṣẹ́ gan-an nìyí: dókítà ti kọ mọ́fíìnì olómi, oògùn ìrora tó lágbára, fún àǹtí, ẹ̀gbọ́n wa sì ní oògùn ikú náà ló dé yẹn. Ọjọ́ méjì ni ìgò yẹn fi wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí àǹtí ń fi eyín ya ìrọ̀rí. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ń lo mọ́fíìnì fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ tó sì padà sílé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, ó lè dí èémí lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, tí wọ́n ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Nítorí pé a sábà máa ń rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń kú lọ la ṣe ń pè é ní apani. Agboòrùn náà kì í wọ́n lójú títì tí òjò bá ń rọ̀, àmọ́ òun kọ́ ló rọ òjò.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò fẹ́ irú òfin yẹn ní Nàìjíríà. Àwọn tó ń jà fún un ní ìrora kan wà tí oògùn ò ká. Òótọ́ ni, ó wà. Ṣùgbọ́n ẹnu aláìsàn ni wọ́n gbé gbogbo òfin náà lé, níbi tí ọmọ sì ti ń ta ilẹ̀ san owó ọsibítù, mi ò mọ bí a ó ṣe mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ẹnu yẹn. Lóru ọjọ́ kejì, àǹtí di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ẹ jẹ́ n máa lọ. Owó yín ti tán.”

Lọ́jọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì kan nínú ẹbí dé, ó bú sí wa, ó fi síríǹjì tí kò lábẹ́rẹ́ fa oògùn náà, ó kán an sí i lẹ́nu. Àǹtí sùn mọ́jú. Bó ṣe jí, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni ẹni tó bá òun gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé yàrá iwájú.