Ọgbà Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa Kì í Mutí

Ẹ bá mi kí àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa kú iṣẹ́, nítorí pé wọ́n ti ṣẹ́gun ọtí pátápátá. Ìṣẹ́gun náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì, ó sì parí síbi tí ọgbà parí sí. Nínú ọgbà, bíà kò gbọdọ̀ wọlé, ògógóró kò gbọdọ̀ wọlé, akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá sì ká ọtí mọ́ lọ́wọ́ yóò fojú ba ìgbìmọ̀ ìbáwí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yìí kan náà bá ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá géètì, òfin á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a lọ wo èso òfin náà ní àdúgbò Tanke, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Ìlọrin ń gbé. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń ki Ìlọrin pé ìlú náà kò ní eégún, pé ẹṣin ni eégún ibẹ̀. Kí ẹni tí ó bá gba oríkì yìí gbọ́ dúró sí Tanke ní òru ọjọ́ tí wọ́n gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé, tàbí ní ọjọ́ tí àwọn àgbà wọn ṣe ìdánwò àṣekágbá tí wọ́n sì ń kọ orúkọ sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun ara wọn. Yóò rí àwọn tí ń fì síwá fì sẹ́yìn, tí wọ́n ń fi ohùn eégún sọ̀rọ̀ láìwọ ẹ̀kú.

Ti ọjọ́ orí wọn tilẹ̀ tún dùn. Òfin ní kí a má ta ọtí fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, bẹ́ẹ̀ JAMB ń gba ọmọ ọdún 16 wọlé. Ní ọdún 2024, ìjọba kéde pé ó di ọdún 18 kí ọmọ tó lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kí wọ́n tó tún dá a padà sí 16. Àdánù ńlá gbáà ni. Ká ní wọ́n dúró lórí 18 ni, à bá ti fòpin sí ọtí mímu àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé ife sílẹ̀. Ní báyìí ná, ìbéèrè kan ṣoṣo tí ẹni tí ń ta ọtí máa ń bi ọmọ ọdún 16 ni bóyá káàṣì ni àbí tíránsífà.

Àṣà tí ó wá gbòde ni pé ẹni tí ó bá mu ìwọ̀nba, tí ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, kò ṣe fàájì. Ó gbọ́dọ̀ ṣubú, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fi fóònù ká a sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ka ife márùn-ún fún ọkùnrin, tàbí mẹ́rin fún obìnrin, láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì sí ìmukúmu. Ife tiwọn kéré: ìgò bíà ńlá mẹ́ta ti ilẹ̀ wa ti dé òdiwọ̀n ọkùnrin yẹn, ní Tanke sì rèé, ìgò kẹta ni wọ́n ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò rówó ìgò ra máa ń ra ọtí inú ọ̀rá, èyí tí NAFDAC ti dáwọ́ ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ dúró ní ọdún 2022, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin dè ní oṣù kejì ọdún 2024, tí wọ́n sì tún sún ìfòfindè náà síwájú di ìparí ọdún 2025. Ọtí ọ̀rá kì í dún nínú àpò. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tí ń fetí sí ìró ìgò kò lè gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀rín ti ń tán lẹ́nu mi nìyí. Bí ọmọ bá mu àmupara tí ó dákú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ohun tí ó lè fún un pa, nígbà tí ó jẹ́ pé ó yẹ kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí wọ́n sì ké sí àwọn dókítà. Wọn kò ké sí ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹni tí ó bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọgbà ti gbé ara rẹ̀ lọ fún ìgbìmọ̀ ìbáwí. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti ní ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 kò gbọdọ̀ ra ọtí, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló ti kọ ọ́ sínú òfin wọn pé ẹni tí ó bá pe ìrànlọ́wọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní jìyà.

Mo ti mọ èsì tí àwọn aláṣẹ yóò fún mi: irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ọgbà fọwọ́ sí ọtí. Kò burú. Ẹ ṣáà bá mi ṣí ìwé òfin tí ẹ pín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, kí ẹ ka iye ojú-ewé tí ìjìyà gbà, kí ẹ sì bá mi wá nọ́ńbà fóònù ilé ìwòsàn tí wọ́n lè pè ní aago méjì òru.